Fọ́tò tó wúwo jù fún fọ́ọ̀mù físà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ fọ́ọ̀mù físà Amẹ́ríkà, DS-160. Wọ́n ní fọ́tò ò gbọdọ̀ ju 240KB lọ, 4MB sì ni èyí tí ọmọ mi fi fóònù yà fún mi. Ó ní kí n gbà á lórí WhatsApp kó lè kéré. Ó kéré lóòótọ́, àmọ́ ojú mi di bàìbàì, fọ́ọ̀mù náà ò sì gbà á. Mo tún zip rẹ̀, pàbó. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, mà. Ẹ gbàgbé zip. Fọ́tò JPEG, irú fáìlì tí fóònù sábà máa ń tọ́jú fọ́tò sí, ti di ohun tí wọ́n ti fún gbẹ kó tó dé ọwọ́ yín, bí gàrí tó ti kúrò lábẹ́ òkúta; zip ò rí omi kankan fún mọ́. Omi tó bá sì ti dànù ò ní padà, ìdí nìyẹn tí ojú yín fi ṣú lẹ́yìn tí WhatsApp tún un fún. Ẹ padà sórí ojúlówó fọ́tò náà. Kí ọmọ yín fi ránṣẹ́ bíi Document, kì í ṣe bíi fọ́tò. Tó bá jẹ́ iPhone tó ń tọ́jú fọ́tò sí HEIC, irú fáìlì fọ́tò mìíràn, kó sọ ọ́ di JPEG.

Ìwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ dín, kì í ṣe fífún. Fóònù tó ń ya 4000 lọ́nà 3000 ń to píksẹ́lì, àwọn àmì tín-ín-tìn-ìn-tín tó para pọ̀ di fọ́tò, mílíọ̀nù 12 jọ. 600 lọ́nà 600 ló kéré jù tí fọ́ọ̀mù yín ń béèrè, 1200 lọ́nà 1200 sì ni òpin rẹ̀. Ìgbọọgba ló gbọ́dọ̀ jẹ́ níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo fura pé ibẹ̀ gan-an ni tiyín ti kọsẹ̀, nítorí WhatsApp kì í gé fọ́tò gígùn di ìgbọọgba fúnni.

Nínú gálárì fóònù, ẹ gé e sí 1:1, kí orí yín, láti àgbọ̀n dé àtàrí, gba bí ìdajì gíga fọ́tò tàbí díẹ̀ lé, kó má kọjá 69%. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí squoosh.app, ìkànnì tó ń dín fọ́tò kù. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí orí ẹ̀rọ yín níbẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, kò gbé ojú yín lọ síbì kankan. Ẹ tan Resize, ẹ kọ 600 àti 600, ẹ mú MozJPEG, ẹ gbé Quality sí 90, kí ẹ wo iye KB tó wà nísàlẹ̀.

Ó yẹ kó wà láàárín 54KB sí 240KB. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè kéré jù! Wọn ò fẹ́ fífún tó ju ìlọ́po 20 lọ: píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 3, nítorí náà 600 lọ́nà 600 jẹ́ 1,080,000 báìtì, ẹ pín in sí 20, ó di 54,000 báìtì, ìyẹn 54KB. Tí ẹ bá mú 1200, àárín 216KB sí 240KB nìkan lẹ ní, ẹnu ọ̀nà tóóró ni. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ mú 600 nìyẹn. Tó bá kéré ju 54KB, ẹ gbé Quality sókè sí 95.

Tí ẹ bá wọ gíláàsì nínú fọ́tò yẹn, ẹ bọ́ ọ kí wọ́n tún un yà. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2016 ni wọn ò ti gbà á mọ́. Kí ọmọ yín sì pa ohun tó ń mú ojú dán lórí kámẹ́rà rẹ̀.