Kí o tó ra báàgì ọdẹ, wá bàtà ná

Àbúrò, o ní o fẹ́ sùn sínú igbó lọ́nà Iléṣà fún òru mẹ́ta, pé ọrun àti ọfà lo máa fi dọdẹ, o wá bèèrè irú báàgì tó yẹ kí o rà. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bàtà ńkọ́?

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń pe ara rẹ̀ ní amòye ló ta bàtà tuntun fún mi ní Òṣogbo níbí. Ó búra pé omi kò lè wọ̀ ọ́. Òjò ọ̀sán kan péré, ìbọ̀sẹ̀ òwú mu omi, kò gbẹ mọ́. Ìbọ̀sẹ̀ tútù ń ha gìgísẹ̀, awọ ibẹ̀ rọ̀ bíi fùfú, ó lé ròrò, ó bẹ́, ẹran ara yọ síta. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀, ó ń ta mí dé ìbàdí, ẹrù sì wà lẹ́yìn mi. Mo bọ́ bàtà, ẹ̀gún gún mi. Mo wọ̀ ọ́ padà, ẹ̀jẹ̀ ń kún inú rẹ̀. Ìgalà kan dúró gbagidi níwájú mi, mi ò tilẹ̀ nawọ́ sí ọrun. Nígbà tí mo padà lọ bá amòye yìí, ó ní irú ẹsẹ̀ mi ni kò dáa! Ẹsẹ̀ tí mo fi rìn láti kékeré.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí o lọ wọn bàtà wò, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí o wọ ìbọ̀sẹ̀ tí o máa fi wọ igbó. Gbé ẹrù, fi bàtà náà rìn ládùúgbò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn sàn ju òwú lọ. Ibi tó bá ń gbóná lẹ́sẹ̀, lẹ púlásítà mọ́ ọn kó tó lé.

Ọrun tí o lè fà lórí ìjókòó láìgbé e sókè ni kí o mú, má dá àwọn alágbára ẹnu lóhùn. Kí orí ọfà mú débi pé ó lè fá irun apá, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ló ń pa ẹran. Tí o bá ta ẹran lọ́fà, jókòó bí ìdajì wákàtí kí o tó tọ ipa ẹ̀jẹ̀.

Má sì sún mọ́ Igbó Ọ̀ṣun o! Láti 2005 ni UNESCO ti kà á mọ́ ogún àgbáyé, èèwọ̀ ni ọdẹ níbẹ̀, ẹja odò náà pàápàá, èèwọ̀. Akika, ẹran tí ìpẹ́ bo ara rẹ̀, ńkọ́? Òfin dáàbò bò ó, fi í sílẹ̀. Ṣe ẹ̀dà ìwé àṣẹ ọdẹ rẹ méjì, nítorí òṣìṣẹ́ ìjọba kan wo tèmi títí, ó dorí ìwé kodò, ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí. Mo mọ ohun tó ń wá. Má dá lọ o: bí paramọ́lẹ̀ bá bù ọ́ ṣán, kò sí pé à ń fokùn dì í tàbí à ń fi abẹ gé e, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé ọ lọ kíá.

Ẹn ẹ́n, báàgì. Èyí tí ìgbànú rẹ̀ di ìbàdí mú dáadáa ni kí o rà, kí gbogbo ẹrù má bàa wà lórí èjìká. Fi ewé gbígbẹ ha aṣọ báàgì náà lójú ọlọ́jà. Tó bá dún ràkàràkà, ẹran á gbọ́ ọ nínú igbó, dá a padà fún un.