Ẹ Jẹ́ Kí Iná Ṣe Tirẹ̀ Kí Oyin Tó Dé

Ìdí Ààrò: ìbéèrè ẹ̀yin òǹkàwé àti ìdáhùn Ìyá Onílé-Ìdáná

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú lóṣù yìí, oyin ló so wọ́n pọ̀. Ti Leeds ló máa gba àyè jù, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí arábìnrin náà ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí, mo sì fẹ́ kó yé wa yékéyéké.

Ìsàlẹ̀ jóná, òkè rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀

*Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Leeds ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ìbejì wa ń gbé. Ní Kérésì tó kọjá, mo ní kí n se èyí tí àwọn ará ibí máa ń jẹ pẹ̀lú tòlótòló, kárọ́ọ̀tì àti parsnip (gbòǹgbò funfun kan tó jọ kárọ́ọ̀tì) tí wọ́n fi oyin sun. Mo gé wọn, mo da òróró àti oyin lé wọn lórí, mo tì í sínú ààrò fún wákàtí kan. Nígbà tí mo yọ ọ́, ìdí tíréè ti dúdú bí èédú, ó ń korò, àmọ́ kárọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ rọ̀ bí ohun tí a bọ̀ lómi. Báwo ni oúnjẹ kan ṣe lè jóná kó tún lómi lára? Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Kérésì yìí, ẹ gbà mí.* (Ìyá Ìbejì)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ o, Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n. Bí ẹ ṣe ṣe é ni èmi náà ṣe é ní Kérésì àkọ́kọ́ mi ní London lọ́dún 1998. Aago mọ́kànlá òru ni mo fi ọ̀bẹ ha tíréè dé, omi sì ń bọ́ lójú mi, nítorí owó tí mo fi ra oyin yẹn kò kéré lójú mi nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá mi fún yín. Bọ̀ọ̀lì ló ń tà ní Òṣogbo, nítòsí ibùdó rélùwéè, láti kékeré mi. Wáyà rẹ̀ lè gba ogún ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a bá fún wọn pọ̀, ṣùgbọ́n méjìlá ló máa ń tò sí i, kódà bí oníbàárà bá tò dé ojú títì. Bí mo bá fẹ́ há ọ̀kan sáàárín, á ní, “Fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n mí.” Kò sì jẹ́ kí epo tàbí ata kan bọ̀ọ̀lì títí á fi jinná tán. Ìdí wáyà yẹn ni mo padà lọ lọ́kàn mi nígbà tí mo ń wá ohun tó ṣe kárọ́ọ̀tì mi.

Nínú kárọ́ọ̀tì 100 gíráàmù, omi kó bí 88 nínú rẹ̀. Bí iná bá kàn án, omi yẹn á jáde. Bí àyè bá wà láàárín wọn, omi á di oru, á lọ. Bí ẹ bá kó wọn lé ara wọn, á dúró sábẹ́ wọn, níwọ̀n ìgbà tí omi bá sì wà lábẹ́ oúnjẹ, ooru ibẹ̀ kò ní ju 100 dígíìrì lọ, ẹ ò báà ta iná ààrò dé 220. Bíbọ̀ lẹ ń bọ̀ ọ́ nígbà náà, ẹ ò tíì sun ún. Oyin ní tirẹ̀ kò ní sùúrù. Ṣúgà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, èyí tó dùn jù nínú àwọn ṣúgà náà sì ti ń pọ́n láti bí 110 dígíìrì. Oyin tó wà láàárín omi kárọ́ọ̀tì kò jóná. Èyí tó ṣàn lọ sí etí tíréè, tí kò rí omi tó máa tù ú lára, ló gbẹ, tó sì di èédú. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí méjèèjì nínú tíréè kan ṣoṣo.

Nítorí náà, oyin ló gbọ́dọ̀ wọlé kẹ́yìn. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí, fún ènìyàn mẹ́fà.

Mo máa ń mú kárọ́ọ̀tì ìdajì kílò àti parsnip ìdajì kílò. Mo bó wọn, mo là wọ́n ní gígùn bí ìka ọwọ́. Parsnip tètè ń rọ̀ ju kárọ́ọ̀tì lọ, nítorí náà mo máa ń gé tirẹ̀ nípọn díẹ̀, bí ó bá sì ti gbó, mo máa ń gé ọkàn rẹ̀ tó le bí igi dànù. Lẹ́yìn tí mo bá fọ̀ wọ́n, mo máa ń fi aṣọ mímọ́ nù wọ́n gbẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ má fo èyí o. Omi tí ẹ bá fi aṣọ nù kúrò, iná kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbẹ ẹ́ fún yín mọ́.

Mo ti máa tan ààrò sí 200 dígíìrì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bó nǹkan (180 bó bá jẹ́ ti oní-fáànù, nọ́ńbà 6 bó bá jẹ́ ti gáàsì), tíréè méjì tó ṣófo yóò sì wà nínú rẹ̀ kí wọ́n gbóná. Méjì ni mo wí. Mo da òróró ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, iyọ̀ ṣíbí tíì kan àti ata gígún díẹ̀ sí ẹ̀fọ́ náà nínú abọ́ ńlá, mo fọwọ́ pa á mọ́ wọn lára, mo wá tò wọ́n sórí tíréè gbígbóná láìjẹ́ kí ọ̀kan gun èkejì. Ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ta ṣáá. Bí ẹ ò bá gbọ́ ọ, tíréè yín kò tíì gbóná tó.

Ìṣẹ́jú 25. Mo yí wọn padà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i. Nígbà yìí, etí wọn á ti pọ́n, wọ́n á ti sún kì díẹ̀, ọ̀bẹ á sì wọ àárín wọn. Ìgbà yìí gan-an ni oyin tó dé.

Àwọn ará ibí máa ń fi ewé táìmù tàbí músítáàdì sí oyin wọn kí adùn má bàa dá nìkan wà. Kò burú. Ṣùgbọ́n irú ni èmi ń lò, mi ò sì ní í fi bò fún ẹnikẹ́ni. Mo máa ń ṣan irú wooro ṣíbí tíì kan, mo gún un pẹ̀lú atalẹ̀ tó tó orí àtàǹpàkò àti aáyù ẹyọ kan. Mo yọ́ bọ́tà ṣíbí ìjẹun kan nínú páànù kékeré, mo da irú gígún náà sí i fún ìṣẹ́jú kan títí òórùn rẹ̀ á fi rọlẹ̀, mo wá da oyin ṣíbí ìjẹun méjì lé e. Bó bá ti ń hó wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́, ó tó. Mo fi pa ẹ̀fọ́ náà lára lórí tíréè, mo dá a padà sínú ààrò fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, mi ò sì ní í kúrò nídìí rẹ̀, nítorí láàárín ìṣẹ́jú kẹjọ sí ìkejìlá ló ti máa ń yí padà láti ohun tó ń dán sí ohun tó ń korò. Bí mo bá yọ ọ́, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ ìdajì sí i, mo sì tètè gbé e kúrò lórí tíréè kí oyin tó lẹ̀ mọ́ ọn.

Mo se oúnjẹ ní ilé ẹ̀kọ́ ní London fún ọdún 19. Nígbà tí a bá ń ṣe àjọyọ̀ òpin ọdún láàárín àwa òṣìṣẹ́, èyí ni mo máa ń gbé wá. Àwọn òyìnbó tí kò gbọ́ irú rí láyé wọn kì í jẹ́ kó kù, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ní òun lérò pé ẹran ni mo lọ̀ sí i. Ohun tí irú ń ṣe fún ẹ̀fọ́ rírò ló ń ṣe fún kárọ́ọ̀tì: ó ń fún adùn ní ibi tó máa dúró lé.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí parsnip. Bí òtútù tó le bá ti mú un lóko, sítáàṣì inú rẹ̀ máa ń di ṣúgà, nítorí náà ti oṣù Kejìlá máa ń dùn ju ti oṣù Kẹsàn-án lọ. Tọ́ ọ wò kí ẹ tó wọn oyin. Lọ́dún mìíràn, ṣíbí kan àtààbọ̀ ti tó mi.

Ní ti ìyá ọkọ yín, ẹ kọ́kọ́ se é jẹ lọ́jọ́ Àìkú kan ṣáájú, kí ẹ lè mọ ìwà ààrò yín. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì àti adìyẹ díndín. Bí màmá bá bi yín pé kí ni, ẹ sọ fún wọn pé irú wà níbẹ̀. Wọ́n á jẹ ẹ́.

Mi ò ní ààrò

*Màmá, ẹ káàsán mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí n'Íbàdàn. Mo fẹ́ràn oúnjẹ tó dùn tó sì ní ata, bíi bọ̀ọ̀lì àti dòdò. Gáàsì olójú kan ni mo ní, iná ìjọba kì í sì í dúró. Ṣé èmi náà lè sun ẹ̀fọ́ pẹ̀lú oyin?* (Ọmọ yín n'Ídìí Ọ̀sàn)

Ọmọ mi, o lè ṣe é, tìrẹ sì lè dùn ju ti Leeds lọ. Fi kárọ́ọ̀tì sílẹ̀ ní tìrẹ. Ra ọ̀dùnkún. Bó o bá dé ọjà Bódìjà, bi àwọn ìyá tó ń tà á bóyá ti Ọ̀fà wà, torí ilẹ̀ wọn mọ ọ̀dùnkún í gbìn. Mú èyí tó gùn, tí kò tóbi ju ọwọ́ dídì méjì lọ.

Àṣírí ọ̀dùnkún ni ooru pẹ̀lẹ́. Bí ooru bá ń wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láàárín nǹkan bí 60 sí 75 dígíìrì, èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń sọ sítáàṣì di ṣúgà. Bó bá tètè kọjá ibẹ̀, èròjà náà á kú, iṣẹ́ á sì parí. Ìdí nìyẹn tí èyí tí a sun nínú eérú gbígbóná fi ń dùn ju èyí tí a gé wẹ́wẹ́ tí a bọ̀ lọ. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní ààrò eléèédú nínú ilé yín, yá a. Jẹ́ kí èédú pọ́n tán kí eérú sì bò ó, fi ọ̀dùnkún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú èèpo, máa yí i fún bí ìṣẹ́jú 45 títí tí yóò fi tẹ̀ bí o bá fún un lọ́wọ́. Ìta gbangba ni o, má gbé èédú wọ yàrá. Èéfín rẹ̀ tí ojú kò rí máa ń pa ènìyàn mọ́ ojú oorun.

Bó bá ti tutù díẹ̀, bó èèpo rẹ̀, gé e nípọn bí ìka méjì. Fi òróró díẹ̀ sínú páànù lórí gáàsì rẹ, fi ojú tí o gé kàn án títí á fi pọ́n, wá da oyin ṣíbí kan, iyọ̀, ata gígún àti irú díẹ̀ lé e. Ìṣẹ́jú méjì péré, máa yí i. Pa iná. Bó o bá ní ẹ̀pà yíyan, fọ́ ọ sí i lórí.

Bó o bá rí ọ̀dùnkún tí inú rẹ̀ pupa bí ìbẹ́pẹ, rà á pẹ̀lú. Fítámì A pọ̀ nínú rẹ̀, iṣẹ́ lórí irú ọ̀dùnkún bẹ́ẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ mẹ́rin ní ẹ̀bùn World Food Prize lọ́dún 2016. Omi rẹ̀ pọ̀ ju ti funfun lọ, ó sì tètè ń rọ̀, nítorí náà fi ìṣọ́ra yí i nínú páànù.

Bàbá ní ìtọ̀ ṣúgà, ọmọ-ọmọ jẹ́ oṣù mẹ́jọ

*Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sọ fún mi pé oyin kì í ṣe ṣúgà, pé kò sí ohun tó máa ṣe ọkọ mi tó ní àtọ̀gbẹ. Ṣé òótọ́ ni? Mo sì fẹ́ fi kárọ́ọ̀tì olóyin náà bọ́ ọmọ ọmọ mi.* (Ìyá Àgbà, Abẹ́òkúta)

Ìyá mi, irọ́ ni wọ́n pa fún yín. Ṣúgà ni oyin, ó sì ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹ yọ ti bàbá sọ́tọ̀ kí ẹ tó da oyin sí tíréè, ẹ fi irú, atalẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ nìkan pa á lára. Sísun nìkan ti mú adùn kárọ́ọ̀tì jáde. Ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ, dókítà wọn ni kí ẹ bi.

Ní ti ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fún un. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ fi oyin kan ẹnu. Kòkòrò àìfojúrí kan lè wà nínú rẹ̀ tí kò ní í ṣe àgbàlagbà ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n tó lè pọ̀ nínú ìfun ọmọ ọwọ́ kó sì tú májèlé síbẹ̀. Sísè nílé kì í pa irúgbìn rẹ̀, nítorí náà ẹ má sọ pé ààrò ti sun ún. Kárọ́ọ̀tì tí a sè títí tó fi rọ̀, tí a tẹ̀ kúnná, láìsí iyọ̀, ti tó o.

Oyin mi ti dì

*Mo ra oyin láti Òkè-Ògùn. Ní àsìkò ọyẹ́, ó dì nísàlẹ̀ ìgò bíi ṣúgà. Ṣé ayédèrú ni?* (Bàbá Táyélolú, Ìlọrin)

Ẹ má dà á nù, bàbá. Oyin gidi máa ń dì nígbà tí òtútù bá mú un. Ẹ gbé ìgò náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ọwọ́ yín lè gbà, kì í ṣe orí iná, kó jókòó síbẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, yóò yọ́ padà.