Ìyá mi kì í mu ọtí, kí ló wá fa páńkíríàsì wíwú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà wa. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni. Inú ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n lóru, lókè ìdodo gan-an, ó gba ẹ̀yìn lọ, èébì ò sì jẹ́ kí wọ́n sinmi, la bá gbé wọn lọ ọsibítù. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n ní páńkíríàsì, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, ló wú. Àbúrò bàbá mi kan wá ń sọ kiri pé ọtí ló ń fa irú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ màmá ò fẹnu kan ọtí rí, ọ̀rọ̀ yẹn dùn wọ́n ju àìsàn lọ. Dókítà ní òun fura sí òkúta inú òróòro, àmọ́ wọ́n ṣe síkáànù, wọn ò rí òkúta kankan. Kí ni wọ́n wá fi ń fura? Ṣé ká gbà pé kì í ṣe òkúta ni? Ẹni ọdún 61 ni wọ́n. (Ọmọ màmá, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún màmá lálàáfíà. Ẹ má tíì gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Tí páńkíríàsì bá wú, ìfun ò ní ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, afẹ́fẹ́ á kún inú ẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí síkáànù ríran, pàápàá nísàlẹ̀ ọ̀nà òróòro níbi tí òkúta máa ń há sí. Àwọn òkúta kéékèèké tí ò tó mílímítà 5 ló tún burú jù, torí àwọn ló ń ráyè yọ́ jáde nínú àpò òróòro lọ dí ẹnu ibi tí ọ̀nà òróòro àti ti páńkíríàsì ti jọ ń ṣí sínú ìfun. Lọ́dún 1974, Acosta àti Ledesma ní Argentina sẹ́ ìgbẹ́ àwọn aláìsàn tí òkúta kó bá báyìí, èyí tó ju mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá ni wọ́n rí òkúta nínú ìgbẹ́ wọn. Ìyẹn ni pé ó lè ti kọjá lọ kí ẹ̀rọ tó débẹ̀.

Ohun tí dókítà fi ń fura, á jẹ́ tẹ́ẹ̀sì ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní ALT. Tí òkúta bá dínà, òróòro á padà sẹ́yìn, ẹ̀dọ̀ á fara gbá a, ALT á fò sókè. Tó bá ti ju 150 lọ lọ́jọ́ kìíní sí ìkejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé òkúta ni. Àmọ́ tí ò bá ga, ìyẹn ò ní ká má fura mọ́ o, torí bí ìdajì àwọn tí òkúta ń dà láàmú ni tiwọn kì í dé ibẹ̀. Torí náà ẹ béèrè iye tí ALT màmá jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé gan-an, ó máa ń tètè wálẹ̀. Lipase ní tiẹ̀, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ̀ pé páńkíríàsì wú, bó ti wù kó ga tó, kò lè sọ ohun tó fà á.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àwọn tó jẹ́ SS, ó ń dùn mí. Ẹ̀jẹ̀ wọn ń tètè fọ́, òkúta sì máa ń wà nínú òróòro wọn láti kékeré, síbẹ̀ tí inú bá ń dùn wọ́n, kíráísì nìkan lọkàn gbogbo èèyàn máa ń lọ sí. Ojú wọn ti lè yẹ́lò tẹ́lẹ̀, ìyẹn ò lè jẹ́ àmì. Ẹ ní kí wọ́n yẹ lipase àti ALT wò.

Fún màmá, tí inú bá ti rọlẹ̀, kí wọ́n tún síkáànù ṣe, kí wọ́n yẹ triglyceride (ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀) àti calcium wò, bóyá àwọn ló fà á, kí wọ́n sì wo oògùn tí wọ́n ń lò. Tí òkúta ò bá tún hàn, MRCP wà, ìyẹn MRI tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà òróòro, ó wọ́n o, àmọ́ ó ń ríran ju síkáànù lọ. Tó bá jẹ́ òkúta, tí àìsàn náà ò sì le, kí wọ́n gé àpò òróòro náà kúrò kí wọ́n tó padà sílé. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Netherlands lọ́dún 2015, àwọn tó ṣe é lójú ẹsẹ̀, bíi 5 nínú 100 ni wàhálà tún bá, àwọn tó lọ sílé lọ dúró, 17.

Ẹ sọ fún bọ̀ọ̀dá yẹn pé òkúta ló ń fa èyí tó pọ̀ jù níbi púpọ̀ láyé. Tí ẹyin ojú màmá bá wá yí sí yẹ́lò, tí ibà àti òtútù gbé wọn, ẹ má dúró de ọjọ́ àpọ́íńmẹ́ǹtì, ọsibítù lóru ọjọ́ náà ni.