Èsì: Wọ́n ń gbọ́ ẹ̀kọ́, wọn ò dàgbà
Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ ní àwọn mẹ́sàn-án tẹ́ ẹ ń kọ́ ní Bíbélì ń gbọ́ ẹ̀kọ́, àmọ́ wọn ò yí padà. Ẹ pín wọn sí mẹ́ta-mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì dín ìwàásù kù.

Ìhìn Rere Máàkù ni kẹ́ ẹ kà, orí kan lọ́sẹ̀ kan. Orí mẹ́rìndínlógún ló ní. Àwọn fúnra wọn ni kó kà á sókè. Kí kálukú wá sọ ohun kan tí yóò ṣe: “Màá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àbúrò mi lọ́jọ́ Ẹtì,” kì í ṣe “màá túbọ̀ nífẹ̀ẹ́.”

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé a kì í béèrè bóyá wọ́n ṣe ohun tí wọ́n sọ. Ìbéèrè yẹn ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ìpàdé tó kàn. Ẹ kọ́kọ́ sọ tiyín.

Àwọn tó ṣì ń wá nìyí wà fún o. Ẹni tó ti dẹ́kun wíwá, ẹ lọ kí i nílé. Ẹ má gbé ẹ̀kọ́ dání.