Ṣé ayé ló ń yí wá pàdé bàálù?

Ìbéèrè: Màmá wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ń lọ wẹ ọmọ ní New York ní oṣù kìíní. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì, bàálù á gbéra l'Ékòó ní aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́, á balẹ̀ ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí. Ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì ní wákàtí 5 péré ni, pé ayé ló ń yí wá pàdé bàálù. Ṣé òótọ́ ni? Màmá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ìdáhùn: Rárá o. Wákàtí 11 ni màmá máa lò nínú bàálù. Aago Èkó ni wọ́n fi kọ ìgbéra, aago New York ni wọ́n fi kọ ìbalẹ̀. Lóṣù kìíní, tiwa fi wákàtí 6 ṣáájú tiwọn. Tí màmá bá fi máa balẹ̀, aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀ ti lù n'Íkẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀ ayé tó ń yí wá pàdé bàálù yìí ti pọ̀ jù lẹ́nu àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn àgbàlagbà ló sì ń kó sí wàhálà. Ayé ń yí lóòótọ́. Lágbègbè tiwa, ilẹ̀ ń sáré lọ sí ìlà-oòrùn ní nǹkan bíi kìlómítà 27 ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó bò wá ń bá ilẹ̀ yí ni, inú afẹ́fẹ́ náà sì ni bàálù wà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àṣá tó bá rà bàbà lókè Olósùnta fún ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, òkè náà ìbá ti sá fi í sílẹ̀ ju ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Adó lọ. Ta ló rí i rí?

Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, àlọ ni ì bá yá ju àbọ̀ lọ. Àbọ̀ ló máa ń yá, nǹkan bíi wákàtí 10. Ẹ̀fúùfù ló fà á: ní bíi kìlómítà 10 sókè, ẹ̀fúùfù líle tí wọ́n ń pè ní jet stream máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, ó sì máa ń le jù nígbà òtútù tiwọn. Bàálù tó ń lọ máa ń dojú kọ ọ́. Èyí tó ń bọ̀, ẹ̀yìn ló ti ń tì í.

Ẹ kó oògùn màmá sínú báàgì ọwọ́, nínú páálí tó bá a wá, pẹ̀lú ìwé dókítà. Ẹ má kó o sínú àpótí tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó fi aago ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí aago Nàìjíríà títí bàálù á fi balẹ̀, kó lè mọ ìgbà tó lo oògùn kẹ́yìn. Bó ṣe máa yí i sí aago ibẹ̀, dókítà rẹ̀ nìkan ló lè sọ, kì í ṣe èmi. Kó máa dìde rìn díẹ̀díẹ̀, kó sì máa mu omi: ìjókòó gbọọrọ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹsẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e kúrò n'Íkẹ́rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí bàálù máa gbéra. Jàǹbá kan lọ́nà Ọ̀rẹ̀ ti tó láti gba odindi ọjọ́. Kó sun Èkó mọ́jú, kó sì ti dé Ìkẹjà ní wákàtí 3 ṣáájú.