Ìdáhùn Méjì fún Owó Gààrí Kan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá Tíṣà. Àkúrẹ́ ni mo ti ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC. Nínú iṣẹ́ àṣetiléwá wa, p ni owó kóńgò gààrí kan ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún náírà. Àpò tí àwọn oníbàárà yóò rà lóòjọ́ jẹ́ p² − 20p + 100, èyí tí àwọn olùtà yóò kó wá sì jẹ́ 3p − 2. Mo rí 6 àti 17. Wọ́n kọ́ wa pé kí a da ìdáhùn tó bá kéré sí òdo nù, ṣùgbọ́n méjèèjì ló ju òdo lọ. Èwo ni kí n mú?

ÌDÁHÙN: Ìṣirò rẹ pé, ọmọ mi. Ibi tí rírà àti títà bá ti dọ́gba ni owó ọjà máa ń dúró sí; nígbà tí o sì kó gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó di ìdọ́gba kuadirátíìkì yìí: p² − 23p + 102 = 0, ìyẹn (p − 6)(p − 17) = 0. Òótọ́ ni wọ́n kọ́ ọ nípa òdo, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀.

Bí o bá fi 17 dán an wò, àpò 49 ni yóò jáde ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, èyí ló sì ń tan ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ. Yẹ ẹ̀gbẹ́ àwọn oníbàárà wò dáadáa: (p − 10) tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ ni. Bí kóńgò bá jẹ́ ₦500, àpò 25 ni wọn yóò rà. Bó bá di ₦800, àpò 4 péré. Bó bá dé ₦1,000, kò sẹ́ni tí yóò rà á mọ́. Lẹ́yìn èyí, iye náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, bí ẹni pé àwọn tó kọ̀ ọ́ ní ₦1,000 ń sáré padà wá rà á ní ₦1,700. Ìwọ tí o ti bá àwọn àgbà ná ọjà rí ní Ọjà Ọba mọ̀ pé oníbàárà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti òdo títí dé 10 nìkan ni p² − 20p + 100 fi ń sọ̀rọ̀ nípa rírà, nítorí náà 17 ti bọ́ síta, ó ku 6, pẹ̀lú àpò 16 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Kọ ìdí tí o fi yọ 17 kúrò ní gbólóhùn kan sínú ìwé ìdáhùn rẹ. Má sì ṣe kọ 6 lásán, nítorí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni p ń kà. ₦600 ni kí o kọ.