Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ọ̀nà Àtigba CPCU Nínú Iṣẹ́ Adójútòfò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú wa. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ní ìpínlẹ̀ Texas ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka tó ń yẹ òfò wò kí wọ́n tó san owó gbà-máà-bínú fún onílé tàbí ọlọ́kọ̀. Mo ti gba láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀, iṣẹ́ náà sì ti mọ́ mi lára láti bí ọdún mẹ́ta. Ní báyìí, ọ̀gá mi ní kí n lọ gba ìwé ẹ̀rí CPCU. Ṣé láísẹ́ǹsì tí mo ní kò tó ni? Bí kò bá tó, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìforítì, arákùnrin wa. Láísẹ́ǹsì yín ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ́rìí sí kò ju pé òfin gbà yín láyè láti ṣe iṣẹ́ náà. Òfin McCarran-Ferguson ti ọdún 1945 ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni àbójútó òwò adójútòfò wà. Ìdí nìyí tí Texas àti Florida fi ń béèrè láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹni tó ń yẹ òfò wò, tí àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn kò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́. Ti CPCU, èyí tí í ṣe ìkékúrú Chartered Property Casualty Underwriter, yàtọ̀: ìmọ̀ ló ń jẹ́rìí sí, kò sì sí ìjọba ìpínlẹ̀ kankan tó ń fúnni. Ọdún 1942 ni wọ́n dá àjọ tó gbé e kalẹ̀ sílẹ̀, The Institutes tó wà ní Malvern, Pennsylvania, ló sì ń bójú tó o lónìí.

Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ló jẹ́ ìpìlẹ̀: ìdarí ewu, bí ilé-iṣẹ́ adójútòfò ṣe ń ṣiṣẹ́, òfin tó de àdéhùn, àti ìṣúnná owó. Lẹ́yìn ìyẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò yan ẹ̀ka kan, yálà ti dúkìá ìdílé tàbí ti ilé-iṣẹ́ àti oníṣòwò. Ẹ̀kọ́ ìwà tó yẹ lẹ́nu iṣẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré kọjá lórí rẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ilé wọn jó ni kò mọ ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí; òótọ́ inú ẹni tó wá yẹ òfò wọn wò ni wọ́n gbójú lé.

Ní tèmi, ohun tó mú kí CPCU yẹ fún làálàá rẹ̀ ni pé ó ń kọ́ni láti ka ìwé àdéhùn dé ìdí. Ẹ wo HO-3, ìwé àdéhùn tí ọ̀pọ̀ onílé ń lò ní Amẹ́ríkà. Ó ń dáàbò bo ara ilé lọ́wọ́ gbogbo ewu àyàfi èyí tí ìwé náà bá yọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ní ti ẹrù inú ilé, ewu 16 tí wọ́n dárúkọ nìkan ló kà. Omi tó tú jáde láti inú páìpù tó bẹ́ lójijì wà lábẹ́ àdéhùn. Àkúnya omi kò sí níbẹ̀, ètò tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1968 ni ọ̀pọ̀ onílé ti ń wá ààbò fún un. Omi tó sì ti ń jò díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀pọ̀ oṣù, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni. Omi kan náà ni ojú onílé rí, àmọ́ ìdáhùn mẹ́ta ni ìwé náà ní fún un.

Ìṣirò tó wà nínú ìwé yìí kan náà tún ń da ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ láàmú. Ẹ jẹ́ ká sọ pé $300,000 ni wọn yóò ná láti tún ilé kan kọ́ látòkèdélẹ̀. Ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ $240,000, iye yẹn ló sì kéré jù tí ààbò ilé náà gbọ́dọ̀ tó kí ilé-iṣẹ́ tó lè san owó àtúnṣe pé láì yọ ti ogbó kúrò. Bí onílé bá ra ààbò $180,000 péré, tí iná sì ba ohun tí àtúnṣe rẹ̀ tó $40,000 jẹ́, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni wọn yóò ṣírò fún un, ìyẹn $30,000, láì tíì yọ ìpín tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fara mọ́. Bí iye ohun tó bàjẹ́ náà lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ti ogbó bá wá ju $30,000 lọ, èyí tó pọ̀ jù ni wọn yóò lò. Òṣìṣẹ́ tí kò mọ ìdí ìṣirò yìí yóò kàn ka iye owó sétí ẹni tí ìbànújẹ́ ti bá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò lè ṣàlàyé, yóò sì tètè rí i bí ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an bá ṣi owó oníbàárà ṣírò.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ òfin àdéhùn ni mo rọ̀ yín láti fi bẹ̀rẹ̀, torí pé ojoojúmọ́ ni ẹ óò máa lò ó lẹ́nu iṣẹ́ yín. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ni, AINS, tó jẹ́ ìwé ẹ̀rí kékeré láti ọ̀dọ̀ àjọ kan náà, ni ǹ bá ní kí ẹ kọ́kọ́ gbà.

Ìbéèrè: Ẹ̀kọ́ ìṣúnná owó nìkan ló kù fún mi nínú mẹ́rin ìpìlẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí gidigidi, torí pé mi ò kọ́ ìṣirò owó rí. Mo ní ọmọ kéékèèké nílé, n kò sì lè máa sùn lórí ìwé. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, ìyá wa. Òye bí owó ṣe ń rìn nínú ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló ṣòro nínú ẹ̀kọ́ yìí ju ìṣirò rẹ̀ lọ. Bí oníbàárà bá san $1,200 fún ààbò ọdún kan lónìí, ilé-iṣẹ́ kò tíì ni owó náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, $300 péré ló ti di tirẹ̀. $900 tó kù ṣì jẹ́ gbèsè lọ́rùn rẹ̀, nítorí pé ààbò oṣù mẹ́sàn-án ṣì kù tó jẹ oníbàárà. Bákan náà, bí $65 nínú $100 tó ti di ti ilé-iṣẹ́ bá lọ sí owó òfò, tí $30 sì lọ sí ìnáwó iṣẹ́, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá 95 nínú 100, èrè díẹ̀ sì kù. Bí àpapọ̀ náà bá ti kọjá 100, ìdójútòfò fúnra rẹ̀ ti ń pàdánù nìyẹn, owó tí wọ́n fi dókòwò níbòmíràn nìkan ló sì lè gbà á sílẹ̀. Bí ohun méjèèjì yìí bá ti yé yín, púpọ̀ nínú ẹ̀rù náà yóò lọ.

Ìdá 70 nínú 100 ni ẹ nílò láti yege. Ìgbà mẹ́rin ni ìdánwò ń wáyé lọ́dún, oṣù méjì méjì ni ìgbà kọ̀ọ̀kan sì máa ń gbà, nítorí náà kò sí ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ fi ipá mú ara yín. Ẹ mú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ní ìgbà kan. Ìdánwò àwòṣe ni kí ẹ máa fi àkókò díẹ̀ tí ẹ ní ṣe, kí ẹ sì padà sínú ìwé lọ ka ibi tí ẹ ti kùnà nìkan.

Ìbéèrè: Ṣé èmi ni mo máa san owó ẹ̀kọ́ àti ìdánwò fúnra mi?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ bi agbanisíṣẹ́ yín kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Òfin owó-orí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbà á láyè láti ná tó $5,250 lọ́dún lórí ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ kan, lábẹ́ ètò tó ní àkọsílẹ̀, láìsí pé òṣìṣẹ́ náà san owó-orí lórí rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń san owó ṣáájú, àwọn mìíràn sì ń dá a padà lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ bá ti yege nìkan. Ẹ bèèrè pẹ̀lú bóyá ẹ óò dá owó náà padà bí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìpẹ́, kí ẹ sì gba ìdáhùn náà ní kíkọ sílẹ̀.